Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Nítorí Omi Àgbórò

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí. Fẹ̀hìntọlá ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n ní abúlé wa lẹ́yìn Kàbà, lójú ọ̀nà Ògìdì, Ìyá Bíọ́lá ni gbogbo ènìyàn ń pè mí tẹ́lẹ̀. Láti ọdún tó kọjá ni àwọn aláìnítìjú kan ti ń pè mí ní Ìyá Ẹlẹ́rìí. Mo sì ń dá wọn lóhùn, nítorí kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìwé mẹ́ta ni mo kà kí bàbá mi tó sọ pé ó tó. Ibi tí ìkọ̀wé mi bá ti wọ́, ẹ bá mi fi ojú tọ́ ọ.

Irú ni mo ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra irú lọ́jà, tí ẹ ń yínmú sí i kí ẹ tó na owó, ẹ kò mọ ohun tí ojú wa ń rí. A ó se hóró irú láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, igi á jó tán, èèpo dúdú tó wà lára rẹ̀ á ṣì le koko. A ó kó o lọ sórí àpáta lẹ́bàá odò, a ó bu eérú díẹ̀ sí i, a ó gun orí rẹ̀, a ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí ìbàdí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa. Lẹ́yìn náà ni a ó kó o sínú apẹ̀rẹ̀, a ó rì í sínú odò, a ó máa gbọ̀n ọ́n, kí omi lè máa gbé èèpo lọ. Bí ẹ bá rí obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúdú dé kókósẹ̀, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ là débi pé aṣọ ibùsùn ń há sí i, ẹ má bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe.

Odò Àgbórò ni a ti ń ṣe é. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti fọ aṣọ, ibẹ̀ náà ni a ti ń pọn omi mu bí kànga bá gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọkọ mi, James, bíríkìlà ni. Ó kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọdún mọ́kàndínlógójì ni a fi gbé pọ̀, kò fi ìka kan irú rí. Bí mo bá ti gbé ìkòkò kaná báyìí, ó ti mú fìlà, ó di ilé Bàbá Ọlọ́runṣọlá tí wọ́n ti ń ta ayò. Á ní, "Fẹ̀hìntọlá, òórùn yìí á lé áńgẹ́lì mi lọ." Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ọbẹ̀ tí kò ní irú fún un, á wò mí lójú, á ní, "Ta ló kú nínú ilé yìí?" Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ó wá kú, mo gbé ìkòkò kaná, kò sí ẹni tó mú fìlà. Òórùn irú kún ilé, kò rí ẹni lé.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá bẹ̀rẹ̀, mo kó irú mi dé orí àpáta bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo gun orí rẹ̀. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ títí tí èèpo fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo rì í sínú odò, mo gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó funfun bí eyín ọmọdé. Iṣẹ́ tí ń gba ọ̀sán kan gbáko lọ́wọ́ mi, mo parí rẹ̀ kí oòrùn tó gòkè.

Rachel ló wà lórí àpáta kejì. Ọ̀rẹ́ mi ni, opó bíi tèmi, ẹnu rẹ̀ sì mú.

"Fẹ̀hìntọlá, kí lo pò mọ́ irú rẹ?"

"Eérú tí a jọ ń lò náà ni."

"Tèmi náà ń bó o. Wò ó, ó ń bọ́ aṣọ bí ẹni tó ti ń wá ibi tí yóò ti wẹ̀."

"Ìwọ sì rèé, o ń ráhùn. Nǹkan dára, o ń ráhùn."

"Mi ò ráhùn. Mo ní kí ló dé ni."

Ó wù mí kí n kọ ọ́ síbí pé èmi náà béèrè ohun tó dé. Mi ò béèrè. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan sókè odò láti ìgbà òjò, tí páìpù rẹ̀ nípọn bí itan ènìyàn, tí ó sì dojú kọ Àgbórò. Gbogbo wa la rí i pé omi náà ń hó láàárọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fọ aṣọ sínú rẹ̀. Èmi rí i ju gbogbo wọn lọ, nítorí èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ẹni tó ń bó irú fún mi. James ni.

Ẹ rẹ́rìn-ín, mo dúró dè yín. Ẹni tó fi ọdún mọ́kàndínlógójì sá fún irú, òun ni mo rò pé ó dé ọ̀run tán, tí ó ronú pìwà dà, tí ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yọ̀ǹda òun kí òun wá ran ìyàwó òun lọ́wọ́. Mo tilẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo bá ń gbọn apẹ̀rẹ̀, màá ní, "James, ó tó, sinmi díẹ̀." Nígbà tó wà láyé, mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi lórí iṣẹ́ mi rí, nítorí kò ṣe é rí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, gìgísẹ̀ mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Gbogbo líla tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo bí Bíọ́lá ń pa dé. Èmi arúgbó yìí wá gbéra, mo lọ sí Kàbà, mo ra sàlúbàtà tó ṣí gìgísẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń rìn níwájú àwọn ènìyàn kí wọ́n lè rí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi.

Ní àkókò yẹn ni pẹ́pẹ́yẹ Rachel kú, méje lọ́jọ́ kan, gbogbo wọn léfòó sínú Àgbórò. Ẹja àrọ̀ díẹ̀ náà léfòó, wọ́n dojú ikùn funfun sókè. Rachel ń sunkún. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ fún un?

"Ìwọ náà rántí. Nígbà ìkórè, wọ́n ní kí o mú pẹ́pẹ́yẹ kan wá fún Ọlọ́run, o ní wọ́n ṣì kéré. Ó ti wá mú tirẹ̀ fúnra rẹ̀."

Rachel nu ojú. "Ọlọ́run tó fẹ́ jẹ pẹ́pẹ́yẹ ni yóò jẹ́ kó kú kó wú sínú omi? Kò lè mú un lóòyẹ̀?"

Mo ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Pásítọ̀ ní ta ló ní ẹ̀rí. Mo ti dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì dá a padà kíá. Mo sọ ti irú, mo sọ ti James, mo sọ ti gìgísẹ̀. Mo yí ẹ̀yìn sí ìjọ, mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, mo di àga mú kí n má baà ṣubú. Mo ní, "Omi Àgbórò ti di omi ìyanu! Ẹni tí ara ń ni, kó wá bù ú!" Ṣọ́ọ̀ṣì gbóná. Juliet, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin, gbé fóònù sókè, ó ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Àbújá pé òun rí gìgísẹ̀ mi.

Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá láti Ìyárá, wọ́n ń gbé ike wá láti Mopa. Èmi ni mo ń dúró létí odò tí mo ń tọ́ wọn sọ́nà. "Ẹ bọ́ bàtà o. Ẹ má bù ú ní ìsàlẹ̀ yìí, ẹ gòkè díẹ̀, òkè ló ti lágbára." Òótọ́ sì ni mo sọ. Bí ènìyàn bá ṣe ń sún mọ́ páìpù ni ó ń lágbára sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Juliet gbé ọmọ rẹ̀ wá bá mi. Emmanuella ni orúkọ ọmọ náà, oṣù márùn-ún ni. Ooru ti mú kí ìléròrò kéékèèké yọ sí i lára, ni ìyá rẹ̀ bá lọ bu Àgbórò, ó fi wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ó tú aṣọ lára rẹ̀. Láti ọrùn dé ìdí, awọ ọmọ náà ti bó, abẹ́ rẹ̀ pupa. Ọmọ náà kò tilẹ̀ lè ké dáadáa mọ́, ńṣe ló ń mí hẹ̀lẹ̀.

Juliet ní, "Ìyá, ẹ bá mi wò ó. Ṣé bí tiyín náà ṣe kọ́kọ́ bó nìyí kó tó dán?"

Kò bú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i: kò bú mi. Ìmọ̀ràn ló wá gbà.

Ọlọ́run ló ní kí Bíọ́lá, ọmọ mi, wà nílé lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì ni ní Mopa. Ó já ọmọ náà gbà, ó gbé e sábẹ́ omi kànga, ó ń da omi sí i lára, ó ń da omi sí i lára. Lẹ́yìn náà ó dá ọ̀kadà dúró, òun àti Juliet gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Kàbà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò níbẹ̀. Ọmọ náà yè.

Nígbà tí Bíọ́lá padà dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò kí mi. Ó bu omi Àgbórò sínú abọ́ kan, ó gbé e síwájú mi.

"Màámi, ẹ fi ìka méjì bọ̀ ọ́. Ẹ fi ra ara wọn."

Mo fi ra ara wọn. Ó ń yọ̀.

"Kí ni ẹ rò pé ó jẹ́?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí kò tíì mọ̀, nítorí mo ti fi pamọ́ fún yín títí di ìsinsìnyí, pé ọṣẹ dúdú ni ìyá mi ń ṣe títí ó fi kú. Mo dàgbà sídìí ìkòkò tí a fi ń sẹ́ omi eérú. Bí mo bá ti na ọwọ́ sí i, ìyá mi á gbá mi lórí, á ní, "Kúrò níbẹ̀, kó má bó ọ láwọ!" Mo mọ yíyọ̀ yẹn kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi. Ohun tó wà nínú omi eérú ló wà nínú Àgbórò, ti ilé iṣẹ́ ọṣẹ náà kàn le ju ti ìyá mi lọ ni. Ìka mi ti mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ kìn-ín-ní lórí àpáta. Orí mi ni kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀, nítorí bí omi bá fi lè di omi eérú, James kò wá ràn mí lọ́wọ́ nìyẹn, ó wà níbi tí a sin ín sí.

"Omi eérú ni," ni mo wí.

Bíọ́lá jókòó tì mí. Ó gbé ẹsẹ̀ mi sórí itan rẹ̀, ó yí i wò. Gìgísẹ̀ tí mo ń fi yangàn ti ń ṣẹ̀jẹ̀ lábẹ́.

Rachel àti àwọn obìnrin mìíràn gbéra lọ sí ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ọṣẹ náà nítorí ọmọ Juliet àti nítorí àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Èmi kò bá wọn lọ. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọlé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ilé iṣẹ́ náà rán ènìyàn sí baálẹ̀ pé àwọn fẹ́ bá ìlú ṣe ìpàdé. Ọmọ́níyì ni orúkọ ẹni tó wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí bàtà rẹ̀ ń dán ju gìgísẹ̀ mi lọ. Ó mú ìwé kan dání. Ó kà á sí wa létí: pé àwa ará ìlú kò ní ẹ̀sùn kankan lórí omi Àgbórò, àti pé a fọwọ́ sí i kí wọ́n ri páìpù kejì. Bí baálẹ̀ àti àwọn àgbà bá ti tẹ̀ka sí i, ó parí nìyẹn.

Àwọn obìnrin pariwo. Ọmọ́níyì kò bínú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ní ẹlẹ́rìí. Ó so fóònù rẹ̀ mọ́ àpótí gbohùngbohùn ńlá kan, ó fi ẹ̀rọ kan tan àwòrán sára ògiri gbọ̀ngàn. Ta ni mo rí níbẹ̀? Èmi. Ẹsẹ̀ mi ga tó ìlẹ̀kùn. Ohùn mi kún gbogbo ibẹ̀: "Omi Àgbórò ti di omi ìyanu!"

Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ọlọ́runṣọlá, ọ̀rẹ́ ọkọ mi, ń fi ọwọ́ lu itan. Baálẹ̀ na ọwọ́ sí pátákó ìtẹ̀ka. Mo tẹ orí ba, mo ń wo ilẹ̀, mo ń bẹ ilẹ̀ pé kó lanu.

Rachel fi ìgbúnwọ́ gún mi. "Dìde."

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ẹsẹ̀ tí o gbé sókè fún gbogbo Nàìjíríà wò? Dìde, Fẹ̀hìntọlá. Ìwọ lo mú un dé ibí."

A ti jọ múra sílẹ̀, èmi àti òun, pé màá dìde sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù ló fẹ́ jẹ́ kí n sẹ́. Mo dìde.

"Baálẹ̀, ẹ̀yin bàbá wa, okun o."

Wọ́n ní okun, bí a ṣe ń kí ara wa ní ìlú wa. Ọmọ́níyì sáré dé ọ̀dọ̀ mi, inú rẹ̀ ń dùn. "Màmá fúnra wọn nìyí! Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹnikẹ́ni fi ipá mú yín?"

"Rárá o. Wọn kò tilẹ̀ rí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ lè jókòó."

"Ọmọ mi, mi ò tíì parí. Mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ náà jẹ."

Ẹ̀rín dákẹ́. Ọmọ́níyì tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Màmá, nínú ilé Ọlọ́run lẹ ti sọ ọ́. Ṣé ẹ parọ́ níbẹ̀ ni?"

Ìbéèrè náà dára. Ẹni tó bí i gbọ́n. Mo wo Pásítọ̀, Pásítọ̀ wo òrùlé.

"Mi ò parọ́," ni mo wí. "Mo gọ̀ ni. Ọkọ mi kú, mo gọ̀."

Rachel gbé abọ́ méjì jáde lábẹ́ ìjókòó wa. Omi kànga wà nínú ọ̀kan, omi Àgbórò wà nínú èkejì. Mo da hóró irú tí a ti sè sínú méjèèjì. Mo ní kí Bàbá Ọlọ́runṣọlá bá wa fi ọwọ́ ra wọ́n. Ó ní òun kò ṣe irú rí. Mo ní ìdí nìyẹn tí mo fi pe òun. Ó rọ́ apá aṣọ sókè, ó ra èyí tó wà nínú omi kànga títí, kò sí ohun tó yọ. Ó ki ọwọ́ bọ èkejì, kò tíì rà á lẹ́ẹ̀mẹwàá tí èèpo fi kún ojú omi.

Kò sí obìnrin kan níbẹ̀ tí kò mọ ohun tó rí. Àwọn ọkùnrin wo ojú ìyàwó wọn.

Ọmọ́níyì pàtẹ́wọ́. "Ẹ ò rí i! Ó ń ràn yín lọ́wọ́!"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Ó ràn mí lọ́wọ́. Ó ran Emmanuella náà lọ́wọ́. Juliet, gbé e dìde."

Juliet gbé ọmọ rẹ̀ dìde, ó ṣí aṣọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ti ń jinná nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn náà kò tíì dà bí ẹ̀yìn ọmọ ènìyàn. Bàbá Ọlọ́runṣọlá yọ ọwọ́ nínú abọ́ kíá, ó ń wá ibi tí yóò nù ún sí. Rachel ti omi kànga sún mọ́ ọn.

Baálẹ̀ ti pátákó ìtẹ̀ka padà. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, kó ìwé rẹ."

Ọmọ́níyì kó ìwé rẹ̀, ó kó àpótí rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá bu omi sínú ìgò kéékèèké, wọ́n ní àwọn yóò padà wá. Wọn kò tíì padà. Wọn kò ri páìpù kejì. Èyí tó wà níbẹ̀ ti dá ẹnu dúró, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n omi náà ṣì ń yọ̀ díẹ̀ ní ọwọ́. Mo máa ń tọ́ ọ wò láràárọ̀. A ń fi omi kànga fọ irú báyìí, iṣẹ́ ọ̀sán kan ti di ti ọ̀sán méjì.

Pásítọ̀ ní kí n wá kó ẹ̀rí mi jẹ nínú ìjọ pẹ̀lú, mo sì lọ. Juliet tún ká a sílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ dé Àbújá lọ́jọ́ mẹ́ta. Èkejì kò tíì kọjá Kàbà.

Nítorí náà, wọ́n ṣì ń wá. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, obìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò láti Odò-Ẹrẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì. Ó ní òun ń wá màmá tó jẹ́rìí. Mo ní èmi ni, mo sì rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó mi orí.

"Màmá, ẹ̀yin ti gba tiyín tán, ẹ wá fẹ́ dí ọ̀nà fún ẹlòmíràn."

Ó yà kọjá lára mi, ó forí lé etí odò. Mo tẹ̀ lé e. Ó yára jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó gbé kẹ́ẹ̀gì kan kalẹ̀ kó lè ká ìró rẹ̀ sókè, mo bá jókòó lé e. Ó bẹ̀ mí, ó bú mi, ó ní arúgbó burúkú ni mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bu omi sínú èkejì, mo fi ẹsẹ̀ tì í, ó dànù. Mi ò kúrò lórí kẹ́ẹ̀gì náà títí awakọ̀ fi fọn fèrè fún un nígbà kẹta.